Àkísà Ilé Ìtẹ̀wé

"Àpò yìí fúyẹ́ lónìí," ni màmá wí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpò àkísà náà bí ẹni tó ń dán táyà kẹ̀kẹ́ wò bóyá atẹ́gùn wà nínú rẹ̀.

"Kò fúyẹ́, Màmá. Bó ṣe máa ń rí náà ni."

"Èmi tí mò ń tú u lójoojúmọ́ lò ń sọ fún? Àbí ẹ ò tẹ̀wé lánàá ni?"

"A tẹ̀wé, Màmá."

"Ẹ tẹ̀wé, àkísà ò pọ̀. Ó dára. Bóyá ahọ́n lẹ fi nu máṣíìnì."

Ọmọ wọn obìnrin fi imú rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé wọ́n tẹ̀wé lánàá títí apá fi fẹ́ẹ̀ bọ́ léjìká, àkísà tí wọ́n sì fi nu máṣíìnì pọ̀ ju ti àwọn ọjọ́ tó ṣáájú lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ìdajì rẹ̀ kúrò kó tó fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, tó rọ́ ọ sínú páálí kan lábẹ́ tábìlì, kí iṣẹ́ lè dín lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó rò pé màmá ò ní fura. Ó fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọpọ́n àti ọṣẹ ní ẹ̀yìnkùlé, ó jáde.

Onítàdáwà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé dúdú tàdáwà kì í kúrò ní ìdí èékánná rẹ̀, ì báà fi òkúta ha á. Bàbá rẹ̀ ló dá ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀, ọwọ́ bàbá náà ló sì ti kọ́ṣẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi yá ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Nígbà tí bàbá kú, kò sẹ́ni tó bi í bóyá yóò máa bá a lọ. Nígbà tí àwọn tó wá bá wọn ṣọ̀fọ̀ túká, ó kàn ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bu tàdáwà sí máṣíìnì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà lápá iwájú, tó ń gba iṣẹ́, tó sì ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga. Ilé wá ku òun àti màmá.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ò ṣe é ṣe láìsí àkísà. Bí wọ́n bá fi pupa tẹ iṣẹ́ kan tán, tí wọ́n fẹ́ fi búlúù tẹ òmíràn, àfi kí wọ́n da epo sí àkísà kí wọ́n fi nu gbogbo rólà máṣíìnì títí pupa yóò fi tán lára rẹ̀. Epo náà mọ́ bí omi, àmọ́ ó ń ta síni nímú bí ata. Tówẹ̀lì tó ti gbó àti aṣọ ìbùsùn tó ti ya ni àkísà wọn. Tẹ́lẹ̀, ilé ìfọṣọ kan máa ń fi ọkọ̀ wá kó àwọn tó dọ̀tí lọ nínú àgbá irin onídèérí, wọ́n á sì kó àwọn tó mọ́ dé. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà ò wá mọ́. Ẹni tó ni ilé ìfọṣọ ti darúgbó, ó ti palẹ̀ mọ́, ó ti lọ jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kó àgbá rẹ̀ lọ.

Àkísà bẹ̀rẹ̀ sí í ga ní igun ilé. Màmá wá kí wọn níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n wo òkìtì náà lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n ní, "Ṣebí aṣọ náà ni. Aṣọ wo ló wá ju ọṣẹ lọ?" Wọ́n ní kí ọmọ àwọn ọkùnrin bá àwọn gbé e lọ sílé.

Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Látìgbà tí ọkọ wọn ti kú, màmá kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Aṣọ ni wọ́n ń rán tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, wọ́n ti fi í sílẹ̀. Wọ́n kàn ń jókòó lójú fèrèsé, wọ́n ń wo àwọn tó ń kọjá bí ẹni tó ń wo omi. Nígbà tí àkísà wọlé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní kùtùkùtù. Wọ́n tún ń kọrin nídìí ọpọ́n, wọ́n tún ń fi ọ̀rọ̀ gún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Onítàdáwà rí i, inú rẹ̀ dùn, ó sì dákẹ́.

Kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ó funfun, ó gbẹ, ó là bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní omi tútù ni. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, wọ́n ní oòrùn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n dìde nídìí ọpọ́n, òòyì kọ́ wọn, àfi bí wọ́n ṣe yára di ògiri mú. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, pé ilé ni ò dúró jẹ́ẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn," ni àbúrò Onítàdáwà wí fún un nígbà tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí màmá sọ̀rọ̀ àpò tó fúyẹ́ yìí. "Ara agolo epo yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí èèyàn má fa òórùn rẹ̀ símú, kó má sì jẹ́ kó pẹ́ lára òun. Àwa gan-an ń wọ ìbọ̀wọ́, a ń ṣí fèrèsé. Ọwọ́ lásán ni màmá fi ń fọ̀ ọ́."

"Mo ra ìbọ̀wọ́ fún wọn."

"Ṣé wọ́n ń wọ̀ ọ́?"

"Wọ́n ní ó ń yọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ti gé e, wọ́n fi so ẹnu kẹ́ẹ̀gì."

Àbúrò rẹ̀ fọwọ́ bojú. "Ẹ sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ náà ní ẹnu. Ṣebí ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn."

"Ẹ̀yin ni àkọ́bí."

"Bí ọ̀rọ̀ bá dùn, ìwọ lò ń gbé e lọ bá wọn. Bó bá ti korò báyìí, mo di àkọ́bí." Ó jókòó lé ìdì bébà kan, ó na ẹsẹ̀. "Bí mo bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, ojú fèrèsé ni wọ́n ń padà sí. O kì í sí nílé, ìwọ ò rí wọn níbẹ̀. Èmi rí wọn. Mo rò pé ojú fèrèsé yẹn ló máa pa wọ́n, kì í ṣe epo."

"Epo náà ò ní kọ̀ láti pa wọ́n, bí a bá fi wọ́n lé e lọ́wọ́."

Onítàdáwà kó ẹsẹ̀ jọ, ó dìde. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń sùn tó ń lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá a jí, bí ẹni tó sun ti ẹrù rẹ̀ mọ́jú. Ká ní tara rẹ̀ nìkan ló ń rò ni, bóyá ì bá ti ti ilé ìtẹ̀wé náà pa, kó lọ gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá kí màmá lójú ọ̀nà ni wọ́n ń sọ fún pé, "Máṣíìnì ọkọ mi ṣì ń dún." Báwo ni ọmọ ṣe máa pa ohun tí ìyá rẹ̀ ń fi yangàn lẹ́nu mọ́?

Lọ́jọ́ kejì, kó tó jáde nílé, ó ṣara gírí.

"Màmá, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́. Ọwọ́ mi ló wà nínú omi, etí mi wà níta."

"Ọ̀rọ̀ àkísà yìí ni. Mò ń rò ó pé kí ẹ sinmi díẹ̀."

Màmá ò gbójú sókè. "Kí n sinmi, kí n wá máa ṣe kí ni?"

"Kí ẹ kàn sinmi náà ni."

"Bàbá rẹ ń sinmi. Ṣé o ò rí i pé kò tíì padà dé?"

Onítàdáwà wọ bàtà. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà ló wá ń rí àwọn ọ̀rọ̀ tí ì bá sọ, èyí tó sì dé kẹ́yìn máa ń dára ju èyí tó ṣáájú lọ.

Oòrùn ti yẹ àtàrí nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn ni.

"Ẹ má bẹ̀rù o," ni télọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń já èèyàn láyà jù nìyẹn. "Èéfín ń jáde ní yàrá ìkẹ́rùsí yín. A ti ń da omi sí i, a ti pe panápaná. Màmá wà lọ́dọ̀ mi. Àmọ́ ẹ máa bọ̀."

Òun àti àbúrò rẹ̀ sáré débẹ̀. Iná ti kú. Èéfín dúdú kan tó rùn bí táyà ṣì ń rọra jáde lójú fèrèsé kékeré yàrá náà, ògiri òkè rẹ̀ ti dúdú. Màmá jókòó sórí àga télọ̀, wọ́n fi aṣọ tútù wé apá wọn ọ̀tún, wọ́n ń wúkọ́.

"Èmi ni mo fà wọ́n jáde," ni télọ̀ wí. "Wọ́n wọlé lọ fẹ́ wọ́ ike ńlá kan síta. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní kí èmi fi àwọn sílẹ̀, pé àkísà ọmọ àwọn ló wà níbẹ̀."

Àwọn panápaná ń kó ohun tó kù síta. Wọ́n wọ́ ike náà jáde, apá kan rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là, wọ́n sì kó àpò lé e. Onítàdáwà sún mọ́ ọn. Kì í ṣe iná ló yà á lẹ́nu. Àkísà ló kún inú ike náà fọ́fọ́, àkísà tún ló wà nínú àwọn àpò, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó kan ọṣẹ. Pupa ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà lára wọn, búlúù tó ṣáájú ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ó mọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan bí èèyàn ṣe ń mọ ọmọ rẹ̀ láàárín ọmọ ẹlòmíràn.

"Ta ló dáná síbí?" ni ọ̀gá panápaná béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń dáná níbẹ̀, sà. Ẹrù là ń kó sí i."

"Ṣé atẹ̀wé ni yín?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀, kò dúró de èsì. "Irú àkísà yìí kì í dúró de ìṣáná. Òróró wà nínú tàdáwà yín. Bó bá ti ń gbẹ, ooru ló ń mú jáde. Bí ẹ bá na aṣọ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, atẹ́gùn á gbé ooru náà lọ. Bí ẹ bá wá kó o jọ mọ́ra báyìí, ooru ò rọ́nà, á máa pọ̀ láàárín, títí á fi gbiná fúnra rẹ̀. Epo tó sì wà lára rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí epo ń ṣe fún iná. Àgbá irin tó ní ìdérí lẹ máa kó wọn sí, kí ẹ bomi rin wọ́n, kí wọ́n má sì pẹ́ nílé."

Onítàdáwà ń mi orí. Gbogbo ọdún tí ilé ìfọṣọ fi ń gbé àgbá irin wá, kò bi ara rẹ̀ rí ìdí tí kì í fi ṣe ike. Ibi tó ti ń rò ó ló ti di apá àbúrò rẹ̀ mú.

"Páálí," ló wí fún àbúrò rẹ̀.

"Páálí wo?"

"Abẹ́ tábìlì mi. Mo rọ́ àkísà sí i. Ẹ̀gbẹ́ bébà ló wà. Sáré."

Ó sáré. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti dé, wọ́n ti ń gbé màmá wọ inú rẹ̀, nígbà tó pe fóònù padà. Èémí rẹ̀ ò tíì balẹ̀. "Mo ti gbé e síta, Àǹtí mi. Mo ti da omi sí i. Mo fọwọ́ kan àárín rẹ̀ kí n tó da omi. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan tó ń rìn bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ di apá màmá. Ó ní iná náà ò jinlẹ̀, pé èéfín tí wọ́n fà símú làwọn ń ṣọ́, wọn ò ní lè lọlé lónìí. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ òsì tí iná ò kàn, ó yí i sókè yí i sódò.

"Èyí ńkọ́? Kí ló bó o báyìí?"

Onítàdáwà ṣàlàyé fún un. Nọ́ọ̀sì ò bá a jà. Ó fi òróró pa ọwọ́ náà, ó rọra gbé e lé orí àyà màmá. "Ọwọ́ yìí ò gbọ́dọ̀ kan epo yẹn mọ́ o," ló wí, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ aláìsàn tó kàn.

Màmá lajú. "Ṣé ilé ìtẹ̀wé ò jó?"

"Kò jó, Màmá. Yàrá ìkẹ́rùsí nìkan ni."

"Àkísà ńkọ́?"

"Ẹ fi àkísà sílẹ̀ ná." Ó fa àga mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Kí ló dé tí wọ́n kún inú ike bẹ́ẹ̀? Èmi rò pé ẹ ti fọ̀ wọ́n."

Màmá yíjú sí ògiri. "Ó ti rẹ̀ mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ṣé mo ṣàmì sí i ni? Mo máa ń fọ ìwọ̀nba tí agbára mi bá ká, màá kó ìyókù pamọ́. Mo ní bó bá dọ̀la, ara á yá, màá fi kún un. Ọ̀la ń dé, ara ò bá a dé."

"Àwọn tó mọ́ tí ẹ ń kó fún mi ńkọ́? Wọn ò dín rí."

"Aṣọ ìbùsùn mi ni. Mo ń gé e. Nígbà tó tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn aṣọ tí mo fi ń sùn."

Onítàdáwà rántí pé òun ti mú àkísà kan rí tí kò ní àbàwọ́n kankan, tó ń rò pé ọṣẹ màmá mà dára. Ó ti fi nu rólà, kò tún un wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Kí n sọ pé kí ni? Ìwọ tó ń wọlé lójoojúmọ́ bí ẹni tí wọ́n fi igi lù. Mo wò ó pé bí èmi ò bá gbé ti àkísà kúrò níbẹ̀, wàá ti ilé iṣẹ́ bàbá rẹ pa, wàá sì máa dá ara rẹ lẹ́bi títí tó o fi máa tó mi lọ́jọ́ orí. Mo ní kí n fi ọwọ́ mi yìí mú un díẹ̀."

"Èmi rò pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Màmá yíjú padà, wọ́n wò ó. "Fẹ́ràn kí ni? Òórùn yẹn? Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́, gbogbo rẹ̀ ń rùn bíi máṣíìnì."

"Ẹ máa ń kọrin nídìí rẹ̀."

"Mò ń kọrin kí n má baà bì."

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu Onítàdáwà kó tó mọ̀ pé òun máa rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ di ẹnu, ṣùgbọ́n kò dúró, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú. Màmá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ni ò jẹ́. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, Onítàdáwà bu omi fún wọn, ó gbé e sí wọn lẹ́nu.

"Màmá, bí mo bá wá tì í pa ńkọ́?"

"Ṣé o fẹ́ tì í pa ni?"

"Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

"Èmi ń bi ọ́."

Ó ronú sí i. Ó ronú sí ẹ̀yìn tó ń ro ó, àti àwọn tó ń fẹ́ iṣẹ́ wọn lónìí tí wọ́n gbé wá lónìí. Ó tún ronú sí bí bébà àkọ́kọ́ ṣe máa ń jáde lẹ́nu máṣíìnì nígbà tí àwọ̀ bá jókòó síbi tó yẹ kó jókòó, tó máa ń gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, tí kì í sì í fẹ́ gbé e sílẹ̀.

"Mi ò fẹ́ tì í," ló wí. "Ó kàn rẹ̀ mí ni."

"Ẹni tó bá rẹ̀, ṣebí oorun ló ń sùn. Kì í ta ilé." Màmá pa ojú dé. "Kí èmi náà sì sinmi àkísà. Màá wá nǹkan mìíràn ṣe. Bí mi ò bá rí nǹkan kan, màá máa yọ ẹ̀yin méjèèjì lẹ́nu."

Àbúrò rẹ̀ pe fóònù nígbà tó ṣe díẹ̀. Ó ti lọ bá àwọn atẹ̀wé yòókù ní àdúgbò. Ó ní inú páálí ni gbogbo wọn ń kó ti wọn sí, àyà wọn já nígbà tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti fẹ́nu kò pé àwọn jọ máa pe ilé ìfọṣọ kan tó wà lọ́nà jíjìn, tí kì í fẹ́ wá nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Alágbẹ̀dẹ máa bá wọn wá àgbá irin kó tó dìgbà náà.

"O ṣeun," ni Onítàdáwà wí. "Ti ilẹ̀kùn, kí o máa lọ sílé."

"Iṣẹ́ ilé ìwé yẹn ńkọ́? Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ lọ́la."

"Fún wọn ní nọ́ńbà mi."

Kò pẹ́ tí ọ̀gá ilé ìwé náà fi pè. Ó gbọ́rọ̀ náà, ó bá a kẹ́dùn, ó gbàdúrà fún màmá, ó sì tún padà sọ́rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé wọn ò lè bá òun ṣe é láàárọ̀ kùtùkùtù? Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè tẹ̀ ẹ́?

"Rárá, sà. A máa tì títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ̀yin ò kọ iṣẹ́ mi rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò kọ̀ ọ́ rí."

Ó pa fóònù náà pátápátá, ó sọ ọ́ sínú báàgì. Ó bọ́ bàtà. Oòrùn ọ̀sán ṣì ń wọlé ní fèrèsé, ariwo ọkọ̀ ń gba ìsàlẹ̀ kọjá, àwọn alábẹ̀wò ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ìyá rẹ̀. Màmá ò la ojú, wọ́n kàn rọra sún ara wọn sápá ògiri kí àyè lè gba ọmọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa padà wá wo apá wọn, àwọn méjèèjì ti sùn lọ. Ó dúró wò wọ́n díẹ̀, ó fa aṣọ fèrèsé bo oòrùn, ó sì lọ.